Ohun Tí Àpò Sìmẹ́ǹtì Kan Lè Kọ́ Wa Nípa Òwò Òkèèrè, Báńkì àti Ṣíà

Ní Alákijà, lójú ọ̀nà Èkó sí Badagry, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ń rà á, àwọn tó ń kọ́lé ní Festac àti Satellite Town ń rà á. Àpò sìmẹ́ǹtì yìí la ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ òní. Nǹkan mẹ́ta la fẹ́ mọ̀: bí ọjà ṣe ń ti òkèèrè wọlé, iṣẹ́ tí báńkì ń ṣe níbẹ̀, àti ohun tó ń jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú lè ra ṣíà rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín: ta ló ṣèlérí, kí ló sì ṣèlérí gan-an?

Báńkì gẹ́gẹ́ bí onídùúró

Ká ní oníṣòwò kan wà ní Èkó tó fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Yúróòpù. Wọn ò mọra rí. Ẹni tó fẹ́ rà ń bẹ̀rù pé tóun bá sanwó ṣáájú, ọjà lè má dé. Ẹni tó fẹ́ tà náà ń bẹ̀rù pé tóun bá di ẹrù sọ́kọ̀, owó lè má wọlé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yáwó láàárín wa níbí, onídùúró la máa ń ní kó mú wá, ẹni tá a mọ̀ pé apá rẹ̀ ká a láti san án bí onígbèsè bá sá lọ. Nínú òwò òkèèrè, báńkì ni onídùúró yẹn. Ìwé tó fi ń dúró ni wọ́n ń pè ní letter of credit. LC ni àwọn oníṣòwò ń pè é.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Oníṣòwò Èkó á lọ bá báńkì rẹ̀. Báńkì yẹn á kọ̀wé sí báńkì kan nílùú ẹni tó ń tà, á ní bí ẹni yẹn bá kó àwọn ìwé kan wá kí ọjọ́ kan tó pé, owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn ìwé wo? Ínfọ́ìsì tó ń sọ irú ọjà àti iye rẹ̀. Bill of lading, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun fi jẹ́rìí pé ẹrù ti wọ ọkọ̀. Nígbà mìíràn, ìwé adójútòfò náà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ibí yìí dáadáa: ìwé ni báńkì ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹrù. Òṣìṣẹ́ báńkì kì í lọ sí wọ́ọ̀fù lọ ka àpò. Tí LC bá ní kí ẹrù wọ ọkọ̀ kí oṣù kẹfà tó parí, tí bill of lading sì fi hàn pé ọjọ́ kìíní oṣù keje ló wọ̀ ọ́, báńkì lè kọ̀ láti sanwó, bí ọjà náà tilẹ̀ dára bí ojú. Tí ìwé bá sì pé pérépéré, báńkì gbọ́dọ̀ san án, kódà bí ẹni tó rajà bá ti yí ọkàn padà.

Ọdún tí sìmẹ́ǹtì dí ebúté pa

Ní ọdún 1975, Nàìjíríà fi owó ńlá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Owó epo rọ̀bì ti fò sókè láti ọdún 1973, ìjọba ológun Gowon sì fẹ́ kọ́ bárékè, ilé àti títì lẹ́ẹ̀kan náà. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rà lókèèrè tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 16 jẹ́ ti iléeṣẹ́ ààbò nìkan. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹrù yìí ni ebúté Èkó lè já sílẹ̀ lọ́dún kan.

Kò pẹ́ tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sí mẹ́rin ọkọ̀ òkun fi tò sójú omi Èkó, tí wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Sìmẹ́ǹtì ló pọ̀ jù nínú ẹrù wọn, ọ̀rinrin òkun sì ń sọ ọ́ di òkúta. Àdéhùn tí wọ́n ṣe tún ní dẹ́múrèèjì nínú, ìyẹn owó ìdúró: ọkọ̀ tó bá dúró ju bó ṣe yẹ lọ, Nàìjíríà ló ń sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé owó ìdúró yẹn gan-an ni wọ́n bá wá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, ọdún 1975, ológun lé Gowon kúrò, Murtala Mohammed sì gbàjọba. Kò pẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fi kọ̀wé sí àwọn báńkì òkèèrè pé kí wọ́n má sanwó mọ́, àfi fún èyí tí CBN bá ti fọwọ́ sí. Àmọ́ ẹ rántí ohun tá a sọ lẹ́ẹ̀kan: bí ìwé bá pé, owó di dandan. Ilé-iṣẹ́ Trendtex, tó wà ní Switzerland, ti ta 240,000 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, tọ́ọ̀nù kan ní dọ́là 60. LC tí CBN fi ránṣẹ́ sí i gba ọwọ́ Midland Bank ní London. Nígbà tí owó kò wọlé mọ́, Trendtex pe CBN lẹ́jọ́ ní London.

CBN ní apá kan ìjọba lòun, pé ìjọba orílẹ̀-èdè kan kì í sì í jẹ́jọ́ ní kóòtù orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 1977, Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gbà fún un: CBN gbọ́dọ̀ wá jẹ́jọ́. Láti ìgbà yẹn ni orúkọ báńkì wa ti wà nínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà káàkiri ayé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977 kan náà, wọ́n ṣí ebúté tuntun ní Tin Can Island, kò jìnnà sí Mile 2, kí irú ìdíwọ́ yẹn má bàa tún ṣẹlẹ̀.

Kí ni ká rí kọ́? LC kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ebúté rẹ̀ gba ẹrù tàbí kò gbà á. Ẹni tó fọwọ́ sí i ló yẹ kó ti bi ara rẹ̀.

Dọ́là ló ń sọ iye ọjà

Lónìí, ẹni tó fẹ́ kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá sí ọjà Trade Fair gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba Form M lọ́wọ́ báńkì rẹ̀ kí ẹrù tó wọ ọkọ̀. Ìwé yìí ló ń jẹ́ kí ìjọba mọ ohun tí oníṣòwò náà fẹ́ kó wọlé àti iye tó rà á. Lẹ́yìn náà ló máa wá dọ́là, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ẹ mú bírò, ká ṣe ìṣirò. Ọjà kan jẹ́ dọ́là 10,000. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì, nítorí náà ọjà yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 4.6 náírà. Nígbà tí CBN jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, dọ́là kan kọjá náírà 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ọjà kan náà di ohun tó lé ní mílíọ̀nù 15 náírà. Ẹni tó tà á kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Orí epo rọ̀bì ni èyí tó pọ̀ jù nínú dọ́là tó ń wọlé látinú ọjà tá à ń tà sókèèrè gbé wà. Nígbà tí epo bá lọ sílẹ̀, gbogbo oníṣòwò ni yóò tò sẹ́yìn ìwọ̀nba dọ́là tó kù.

Ta ló ni sìmẹ́ǹtì báyìí?

Irú wàhálà dọ́là yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba fẹ́ kí a máa ṣe sìmẹ́ǹtì nílé. Ilé-iṣẹ́ Ewékorò ti ń ṣe é láti ọdún 1960, ṣùgbọ́n kò tó ìlú lò. Láti ọdún 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kó sìmẹ́ǹtì wọlé gbọ́dọ̀ máa kọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ níbí. Lónìí, Dangote, BUA àti Lafarge ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àpò tí ẹ̀ ń rí ní Alákijà. Títí ọdún 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ìwé Stock Exchange Èkó, ìyẹn ọjà ṣíà, tí ẹnikẹ́ni sì lè ra ṣíà wọn lọ́dọ̀ stockbroker, ìyẹn alágbàtà ṣíà.

Ẹni tó ra ṣíà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Tí èrè bá wà, tí wọ́n sì pinnu láti pín in, yóò gba tirẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nípàdé ọdọọdún. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó, kò ní pàdánù ju owó tó fi rà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣíà wé LC o. Báńkì tó kọ LC ti ṣèlérí owó pàtó. Ilé-iṣẹ́ tó ta ṣíà kò ṣèlérí èrè kankan.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Lẹ́yìn tí Dangote Cement wọ Stock Exchange ní ọdún 2010, ìdá tó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ṣíà rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti Dangote fúnra rẹ̀. Bákan náà ni Lafarge Africa: títí ọdún 2024, ìdá tó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wà lọ́wọ́ Holcim ti Switzerland. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Holcim kéde pé òun máa ta gbogbo rẹ̀ fún Huaxin ti orílẹ̀-èdè China. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló ní ṣíà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò gbogbo wọn pa pọ̀ kò tó láti dá ọ̀rọ̀ náà dúró.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ṣíà, ẹ kọ́kọ́ wá ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn tó ní ṣíà tó pọ̀ jù sí. Ìdá mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo? Ìdá mélòó ló kù fún ará ìlú? Ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó yọ owó yín. Bí ìdá ará ìlú bá kéré, ẹ lè rí èrè gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ̀yin ni yóò máa sọ bí wọ́n ṣe máa tukọ̀.