Ọ̀nà Nikki Láàárín Ọjọ́ Kan

Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo, òwe náà sì kan ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ kúrò ní Parakou, ìlú kan ní Benin, láàárọ̀ láti lọ wo ìlú àtijọ́ méjì, kí ó sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Títì ńlá RNIE 2 gba Parakou kọjá: apá gúúsù rẹ̀ lọ sí Sábẹ̀ẹ́, ìlú ọba Yorùbá tí òkè àpáta yí ká, apá àríwá lọ sí N'Dali, níbi tí a ti ń yà sọ́tùn-ún lọ sí Nikki, olú-ìlú àtijọ́ ti Borgu, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Bàrìbá. Orí títì ni ẹni tó bá fẹ́ rí méjèèjì yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Nikki, tó tó nǹkan bí 110 kìlómítà sí Parakou, tó ọjọ́ kan fúnra rẹ̀.

Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, arìnrìn-àjò lè wo Gordes àti Roussillon kí oòrùn tó kan àtàrí, nítorí pé wọ́n súnmọ́ra, ilé àtijọ́ wọn sì wà níbẹ̀ fún ojú láti rí. Ní ti Nikki, ẹnu ènìyàn ni ìtàn rẹ̀ wà. Àwọn gèsèrè, ìyẹn akéwì ààfin, ni wọ́n mọ ìran àwọn Sinaboko, bí a ti ń pe ọba ibẹ̀, ẹni tí kò bá sì jókòó gbọ́ wọn kò tíì rí Nikki. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1894, Lugard, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, sáré débẹ̀ ṣáájú àwọn Faransé láti gba ìwé àdéhùn. Síbẹ̀, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1898 pín Borgu sí méjì, Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìpín tó dun ni, nítorí pé ó pín ọmọ ìyá níyà. Bio Guéra, jagunjagun láti inú àwọn Wasangari, ìdílé ajagun ẹlẹ́ṣin tó ń jọba ní Borgu, kú lójú ogun níbi tó ti ń bá àwọn Faransé jà ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1916. Ère rẹ̀ wà ní Cotonou láti ọdún 2022, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó jà fún ló yẹ kí a ti gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ bi ọlọ́pàá bóyá ọ̀nà dára, nítorí pé àwọn agbésùmọ̀mí ti ṣe ìkọlù ní àríwá Benin. Kí ó ra epo nílé epo, kì í ṣe kpayo, bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Kí ó jẹ́ kí ọmọ ìlú ṣíwájú rẹ̀ wọ ààfin, kí ó sì gba àṣẹ kí ó tó ya fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọdún Gáàní, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń yan níwájú ọba, gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò sùn, nítorí pé ọjọ́ kan kò tó o. Ní ọjọ́ tí kì í ṣe ti ọdún Gáàní, kí ó kúrò ní Nikki ní aago mẹ́ta ọ̀sán, torí pé màlúù àti ọkọ̀ tí kò ní iná máa ń wà lójú títì lálẹ́.