Ó Ha Tọ́ Kí A Máa Sé Ológbò Mọ́lé Bí?

Ní àdúgbò Yemẹtu, ní ìlú Ìbàdàn, ilé kì í jìnnà sí ilé. Ògiri kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èkejì, páànù ilé kan a sì máa yọrí sí orí páànù ilé òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò tí ó bá gun òrùlé ní ìhà Òkè Àrẹ̀mọ fi lè rìn jìnnà kí ó tó tún fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bèèrè bóyá ó yẹ kí a máa sé ológbò mọ́ inú ilé, tàbí kí a jẹ́ kí ó máa rìn kiri bí ó ti wù ú, ọ̀rọ̀ gbogbo ojúlé ni a ń sọ, nítorí pé ológbò ẹnì kan kì í pẹ́ di àlejò ilé mẹ́wàá.

Ológbò, ológìnní, músù: orúkọ rẹ̀ pọ̀ bí ti ẹni tí ó ti pẹ́ nílé. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé láti ara ológbò igbó kan, tí ó wà ní Áfíríkà àti ní àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn tí ó sún mọ́ ọn, ni gbogbo ológbò ilé ti ṣẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà, tí ó sì ń kó o jọ sí abà, eku wá nítorí ọkà, ológbò sì wá nítorí eku. Ní erékùṣù Kípírù, a ti rí ibojì kan tí a sin ènìyàn àti ológbò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi okùn fa ẹranko yìí wọlé bí a ti fa ewúrẹ́. Iṣẹ́ ni ó bá wọlé.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì tán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé inú ilé alámọ̀ rí ní Ìbàdàn mọ ohun tí eku lè ṣe. A máa dá ihò sí ìdí ògiri, a máa lu ìdí àpò gàrí, a máa gé aṣọ inú àpótí wẹ́wẹ́. Àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń sọ pé bí ó bá ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó sùn, a máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kí onítọ̀hún má baà jí. Ṣùgbọ́n òfò oúnjẹ àti aṣọ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfò ẹ̀mí. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí kòkòrò inú irun eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, ní ìlú Lassa tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno ti òde òní. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ, tí a sì máa bímọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ni ó ń gbé àrùn náà. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó bá kán sínú oúnjẹ tí a kò bò ni a máa ń tipasẹ̀ rẹ̀ kó o. Oǹdó àti Ẹdó, tí kò jìnnà sí wa, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà náà ń pọ́n lójú jù. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń ka àwọn ohun tí a lè fi dènà rẹ̀, wọ́n ní kí a kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da pàǹtí sí ibi tí ó jìnnà sí ilé, kí a mú ilé mọ́, kí a sì máa tọ́jú ológbò.

Ẹni tí ó bá wí pé kí a lé ológbò kúrò ní àgbàlá, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ fún wa. Májèlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ọta-pia-pia kò wọ́n, a sì ń kiri rẹ̀ ká àdúgbò. Ṣùgbọ́n eku tí ó bá jẹ májèlé lè lọ kú sínú àjà, kí ó máa rùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kékeré sì lè fi ọwọ́ kan oúnjẹ tí a fi májèlé sí fún eku. Ní ti ológbò, ilé tirẹ̀ lè má lo májèlé rárá, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ pa eku tí ó ti jẹ májèlé ní ilé kẹta, ikú eku náà yóò di ikú tirẹ̀. Báyìí ni olówó ológbò fi ń wá a títí di ọjọ́ kẹta, tí kò sì ní rí i mọ́.

Ìyẹn nìkan tó láti mú kí a ro ọ̀rọ̀ ìrìnkiri yìí dáadáa, ẹ̀sùn àwọn aládùúgbò sì tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé ìyá kan to ẹja gbígbẹ sórí atẹ ní iwájú ilé rẹ̀, tí ológbò ojúlé kejì gbé ọ̀kan nínú rẹ̀ sá lọ, tàbí pé adìẹ kan kó ọmọ mẹ́jọ jáde ní òwúrọ̀, tí ó sì kó márùn-ún wọlé ní alẹ́. Ta ni yóò san án? Ewúrẹ́ ní okùn, ajá ní ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ológbò kò ní ohun kan lọ́rùn tí a lè fi mọ olúwa rẹ̀. Olówó rẹ̀ yóò ní kì í ṣe tòun, ẹlẹ́ja yóò ní òun ti rí i tí ó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ohùn yóò ròkè, títí ọ̀rọ̀ ẹja kan ṣoṣo yóò fi dé iwájú mọ́gàjí.

Èyí tí ó wúwo jù ni ọ̀rọ̀ òru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé ológbò, pàápàá èyí tí ó dúdú, tí ń ké lórí òrùlé ní ọ̀gànjọ́ òru kì í ṣe ẹranko lásán, ṣùgbọ́n àjẹ́ ni ó gbé àwọ̀ ológbò wọ̀. Igbe náà, igbe abo tí ń wá akọ ni, tàbí ti akọ méjì tí ń jà nítorí abo kan. Ó dà bí ẹkún ọmọ ìkókó, n kò sì lè dá ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lójijì lẹ́bi bí ara rẹ̀ bá bù máṣọ. Ṣùgbọ́n òkò kò mọ àlàyé. Ológbò tí a ń bọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ní ilé tirẹ̀ lè bá ikú pàdé lábẹ́ fèrèsé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kì í ṣe nítorí pé ó ṣẹ̀, bí kò ṣe nítorí wákàtí tí ó fi jáde.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan Yemẹtu ju ibòmíràn lọ. Ní àdúgbò yìí ni ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà, níbi tí àwọn aboyún ti ń gba ìtọ́jú, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, sì ti kọ́ iṣẹ́ kí a tó ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní 1957. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Toxoplasma. Ológbò a máa kó o láti ara eku tàbí ẹyẹ tí ó bá pa jẹ, a sì máa yà á jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ìgbẹ́ náà bá ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí márùn-ún, kòkòrò inú rẹ̀ ti tó í ran ènìyàn, ó sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Aboyún tí kò tíì ní in rí, tí ó wá kó o nígbà oyún, lè pàdánù oyún náà, tàbí kí ó bí ọmọ tí ojú rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ pé kí aboyún má ṣe bá ológbò gbé. Fífi ọwọ́ pa á lára kọ́ ni ewu. Ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kó o. Ṣùgbọ́n ẹ ro ibi tí ológbò tí ń rìn kiri ń yàgbẹ́ sí. Ilẹ̀ rírọ̀ ni ó ń fẹ́, èyí tí yóò lè fi èékánná wà kí ó sì bò ó: àárín ebè ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn, tàbí òkìtì yanrìn tí a kó jọ fún ilé kíkọ́, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ológbò tí ó ní àwo yanrìn tirẹ̀ nílé, tí a ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, kò ní ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa bá aboyún kó o, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ní òkèèrè, òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nítorí ẹyẹ àti ẹranko igbó ni. Ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà, gbogbo ológbò tí a bí láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1922 kọ́, ọdún 2022 ni, kò gbọdọ̀ kọjá ọgbà olówó rẹ̀. Ní erékùṣù Stephens ní Niu Sílàńdì, ẹyẹ kékeré kan tí kò lè fò parun kò pẹ́ tí a kó ológbò dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ń tọ́jú iná ojú òkun ní 1894. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ẹyẹ tí ó pọ̀ jù ní Yemẹtu ni ológoṣẹ́, òun náà sì ti mọ bí a ti ń bá ènìyàn gbé. Bákan náà, ilé tiwọn ní ilẹ̀kùn onígíláàsì àti fèrèsé tí ó ní àwọ̀n. Ní ilé tiwa, àlàfo wà láàárín ògiri àti páànù, ilẹ̀kùn àgbàlá sì ń ṣí sílẹ̀ fún ogún ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ sé ológbò mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, yàrá kan ṣoṣo ni yóò sé e mọ́, eku yóò sì máa jayé ní ilé ìdáná.

Ní tèmi o, òru ni kí a máa sé e mọ́lé, kí a sì fún un ní àyè àgbàlá ní ọ̀sán. Òru ni eku ń jáde, ibi tí oúnjẹ wà ni ó sì ń lọ. Nítorí náà ilé ìdáná gan-an ni ipò ológbò ní òru. Òru kan náà ni akọ ń jà, tí ọkọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ pa, tí a sì ń sọ ọ́ lókò. Ní ọ̀sán, ojú ènìyàn wà lára rẹ̀. Bí a bá so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ẹlẹ́ja yóò mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, ẹlẹ́ja náà yóò sì fi àwọ̀n bo atẹ rẹ̀. Kí a tún mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí a gún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, kí a sì tẹ akọ lọ́dàá tàbí kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kí ó má baà bímọ mọ́. Abo kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í lóyún kí ó tó pé ọdún kan, oyún rẹ̀ kò sì ju bí ọjọ́ 65 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a kò rí ẹni gbà ni ó ń di ológbò aláìnílé tí ń ké lórí páànù. Títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kò ní kí ó má pa eku mọ́.

Àwọn kan máa ń fi ebi pa ológbò kí ó lè ṣọdẹ dáadáa. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀: ológbò tí ó yó náà a máa lépa eku, nítorí pé ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ebi ń pa ni ó ń lọ ká atẹ ẹlẹ́ja. Bí a bá fẹ́ kí ó máa wọlé ní àsìkò, ìrọ̀lẹ́ ni kí a máa fún un ní oúnjẹ rẹ̀, ní wákàtí kan náà àti nínú abọ́ kan náà, kí a sì máa fi ṣíbí kan abọ́ náà. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí yóò fi jẹ́ pé kí oòrùn tó wọ̀ ni yóò ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.