Fífi Ẹ̀yà Fẹ́kítọ̀ Tuntun Kún Apá Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpáílà: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Èdè-Ìperí

1.0 Ìfáàrà
Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè abínibí ló gbà pé bí a bá ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, tí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé èdè-ìperí, iṣẹ́ ti parí. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé ẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ yìí fi àpẹẹrẹ kan láti inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wo ohun tó fà á.

2.0 Kọ̀ǹpáílà àti Fẹ́kítọ̀
Kọ̀ǹpáílà ni ògbufọ̀ láàrin ènìyàn àti ẹ̀rọ. Apá iwájú rẹ̀ ń ka àṣẹ tí a kọ. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. LLVM, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 2000, ni a ó lò.

Fẹ́kítọ̀ ni òǹkà mélòó kan tí a tò pọ̀ kí àṣẹ kan ṣoṣo lè kárí wọn. Bí ẹ̀rọ bá ro 3, 5, 2, 7 pọ̀ mọ́ 1, 4, 6, 2, yóò mú 4, 9, 8, 9 jáde lẹ́ẹ̀kan náà. LLVM ń pe ẹ̀yà yìí ní v4i32: òǹkà odidi 4, bíìtì 32 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ bíìtì 128.

3.0 Ìgbésẹ̀ Márùn-ún
(i) A ó kọ orúkọ ẹ̀yà náà sínú àkójọ ẹ̀yà.
(ii) A ó fún un ní ibùjókòó, ìyẹn rẹ́jísítà. Èyí kì í ṣe ìwé tí a fi ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Àyè kékeré inú ẹ̀rọ ni, níbi tí òǹkà ń wà nígbà ìṣirò.
(iii) A ó so ìṣe kọ̀ọ̀kan mọ́ àṣẹ ẹ̀rọ tí yóò ṣe é.
(iv) A ó sọ bí yóò ṣe ti ọwọ́ apá ètò kan bọ́ sí òmíràn.
(v) A ó dán an wò.

Bí a bá dúró lórí (i) àti (ii), LLVM yóò gbà pé ẹ̀rọ lè ṣe ìròpọ̀ náà. Nígbà tí kò bá rí àṣẹ tí yóò yàn, iṣẹ́ yóò dáwọ́ dúró.

4.0 Ojú Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè
Bí fẹ́kítọ̀ olóǹkà 8 bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí kò gbà ju bíìtì 128 lọ, a ó pín in sí ọ̀nà méjì. Bí ó bá jẹ́ olóǹkà 3, a lè fi àyè òfìfo kan kún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èdè Yorùbá ṣe sí búrẹ́dì: nítorí pé kò gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, tí kò sì gba kọ́ńsónáǹtì ní ìparí sílébù, ó fi fáwẹ̀lì u la b àti r láàrin, ó sì fi i parí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà. Àwùjọ ni ó tún búrẹ́dì ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ẹ̀rọ kò ní àwùjọ. Ohun tí a kò bá kọ fún un, kò ní in. Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ṣẹ̀dá sún mọ́ ti ẹ̀rọ ju ti búrẹ́dì lọ.

5.0 Ìgúnlẹ̀
Nítorí náà, kí olùkọ́, ìbáà ṣe ti Haúsá, Ígbò tàbí Yorùbá, bi ara rẹ̀ léèrè lórí ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan: Ẹ̀kọ́ wo ni ibùjókòó rẹ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló ń bá a rìn? Ǹjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi ṣàlàyé nǹkan fún ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìdánwò dà? Bí a kò bá dáhùn wọ̀nyí, tí ọ̀rọ̀ náà sì kú sínú ìwé, kí a má ṣe sọ pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwa ni a kò parí iṣẹ́.