Terminal àti Kọ̀ǹpútà Ńlá: Iṣẹ́ Rírán àti Iṣẹ́ Jíjẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú káàkiri Nàìjíríà, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja ní Choba, ní ìtòsí Yunifásítì Port Harcourt. Ó fi káàdì sanwó lórí ẹ̀rọ POS. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún: báńkì ti yọ owó. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ POS kọ sójú ni pé iṣẹ́ náà kò yọrí. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní owó kò tẹ òun lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ọmọ ẹgbẹ́ wa sì pe ìyá náà ní olè.

Bẹ́ẹ̀, kò sí olè níbẹ̀. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dáhùn.

1. Kí ni terminal?

Terminal ni ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà tí ó wà níbòmíràn sọ̀rọ̀. Ó ní ibi tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, ó sì ní ibi tí èsì ń gbà jáde. Kọ̀ǹpútà tí ó wà ní òdìkejì lè jẹ́ ńlá, irú èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní mainframe, bí IBM System/360 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1964. Ó sì lè jẹ́ alábọ́ọ́dé, tí wọ́n ń pè ní minicomputer, bí PDP-11 ti ilé-iṣẹ́ Digital, tí ó jáde ní 1970. Ní ayé ìgbà náà, owó kọ̀ǹpútà kan kọjá ohun tí a lè ná nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń so terminal púpọ̀ mọ́ ọn, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa lò ó.

Terminal àtijọ́ kò ní ojú gíláàsì. Teletype Model 33, tí ó jáde ní 1963, dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: orí bébà ni ó ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, lẹ́tà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó yá ni èyí tí ó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n dé. IBM gbé 3270 jáde ní 1971. Digital gbé VT100 jáde ní 1978, ìlà 24 ni ó ń gbà lójú, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń gba lẹ́tà 80.

Ìwà àwọn méjì yìí kò dọ́gba. Bí a bá tẹ lẹ́tà kan lórí VT100, ojú ẹsẹ̀ ni ó ń lọ bá kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni ó sì sábà máa ń dá a padà kí a tó rí i lójú ẹ̀rọ. Ti 3270 yàtọ̀: a ó kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù tí ó wà lójú rẹ̀ tán, a ó wá tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn kọ lẹ́tà parí kí ó tó fi í ránṣẹ́. Ti 3270 ni POS fi ìwà jọ: a ó fi káàdì sí i, a ó tẹ iye owó, a ó tẹ PIN, nígbà náà ni iṣẹ́ yóò tó gbéra.

2. Àrokò ayé òde òní

Wáyà kò mọ A yàtọ̀ sí B. Iná tí ó wá àti iná tí kò wá nìkan ni ó mọ̀, èyí tí a ń kọ ní 1 àti 0. Àwọn méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ wọn. Yorùbá mọ irú ìmọ̀ yìí tipẹ́. Nínú àrokò, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ 6 ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni: ọkàn rẹ̀ fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ 8, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ yín jọ. Ẹni tí ó gbé e wá kò nílò láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ó sáà gbé e dé láìjẹ́ kí ẹyọ kan já bọ́.

Àrokò ti àwọn terminal ni ASCII, tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àmì 7. Ti A ni 1000001, ti C sì ni 1000011. Kí ẹyọ kan má baà sọnù lọ́nà, wọ́n lè fi àmì kẹjọ kún un, kí iye 1 tí ó wà níbẹ̀ lè máa jẹ́ èyí tí a lè pín sí méjì gééré. A ti ní 1 méjì, nítorí náà 0 ni a ó fi kún un. C ní mẹ́ta, nítorí náà 1 ni a ó fi kún un. Bí ẹni tí ó gbà á bá kà á tí kò pé bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé ìṣẹ́ náà ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

3. Ojú ọ̀nà

Bí terminal bá wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, wáyà tó. Ìlànà RS-232, tí ó ti wà láti 1960, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n bíi mítà 15 ni wọ́n ṣírò rẹ̀ mọ. Bí ọ̀nà bá jìn, a nílò modem. Modem ni ó ń sọ 1 àti 0 di ohùn tí wáyà tẹlifóònù lè gbé, òmíràn ní òdìkejì a sì tún sọ ohùn náà di 1 àti 0.

Bí terminal bá pọ̀, tí gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kò ní í yéni. IBM 3274 ń kó terminal tí ó tó 32 jọ sábẹ́ àkóso kan. Wọn a sì máa bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ṣé o ní ọ̀rọ̀?" gẹ́gẹ́ bí alága ìpàdé ti ń ṣe. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn tún wà, bí IBM 3705 ti ọdún 1972, tí ń gba gbogbo ìṣẹ́ tí ó ń wọlé kí mainframe lè ráyè ṣe ìṣirò. Bí àwọn ìlàrí ṣe rí láàfin Ọ̀yọ́ ni: ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé wọlé tọ ọba lọ.

4. Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní 1989 ni Société Générale Bank gbé ẹ̀rọ ATM àkọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà. Terminal ni ATM. Àpótí owó ni wọ́n fi kún un. Wọ́n dá NIBSS, tí ń so àwọn báńkì pọ̀, sílẹ̀ ní 1993. Interswitch dé ní 2002. Láti ìgbà tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni ọ̀nà ti là fún terminal tí kò nílò wáyà. SIM ni ó wà nínú POS tí a ń rí ní oríta gbogbo ní Port Harcourt. Lónìí, kò di dandan kí kọ̀ǹpútà báńkì jẹ́ mainframe, ṣùgbọ́n ètò náà kò yí padà: terminal kò mọ iye tí a ní. Ìṣẹ́ ni ó ń jẹ́.

5. Ibi tí òtítọ́ méjì ti pàdé

Ìlànà ISO 8583, tí ó jáde ní 1987, ni ó fún àwọn ìṣẹ́ yìí ní nọ́ńbà. Bí a bá fi káàdì sanwó, POS a rán 0200: "Ẹ yọ owó yìí." Báńkì a yọ ọ́, a sì dá 0210 padà: "A ti yọ ọ́."

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já kí 0200 tó dé, kò séwu, owó kò kúrò níbìkan. Ṣùgbọ́n bí 0200 bá dé, tí 0210 sì sọnù lójú ọ̀nà ńkọ́? Báńkì ti yọ owó ní tirẹ̀. POS dúró títí, kò gbọ́ èsì, ó sì sọ pé iṣẹ́ kò yọrí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Choba nìyẹn. Ẹ̀rọ kò purọ́. Kò gbọ́ ni.

Àtúnṣe wà. POS ní láti rán 0420: "Ẹ dá owó náà padà." Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà tí ó já náà ni 0420 yóò gbà.

6. Kí ni kí á ṣe?

(a) Kí á má yára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. 0200 tuntun ni ìyẹn, owó mìíràn lè tún kúrò.

(b) Kí á wo nọ́ńbà èsì. 00 ni pé ó yọrí. 51, owó kò tó. 55, PIN kò tọ̀nà. 91, báńkì tàbí ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ ni a kò rí bá sọ̀rọ̀.

(d) Kí á gba rìsíìtì, kódà bí iṣẹ́ kò bá yọrí, kí á sì mú un lọ sí báńkì tiwa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Central Bank pàṣẹ pé kí wọ́n máa yanjú ẹjọ́ POS láàárín wákàtí 72.

(e) Kí á má bá ẹni tí ó ni POS jà. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Báńkì ni POS ń gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe ìyá oníbọ̀ọ̀lì.

Ní ọjọ́ kẹta, owó ọmọ ẹgbẹ́ wa padà sínú àkáǹtì rẹ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, ìyá náà sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n pípe àgbà ní olè ní gbangba kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé Yorùbá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ àwọn Ikwerre tí a ń gbé láàárín wọn. Owó ní 0420. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní. Ẹyin lohùn.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bí VT100 àti 3270 ṣe ń rán ọ̀rọ̀?
2. Àmì B nínú ASCII ni 1000010. Kí ni àmì kẹjọ tí a ó fi kún un?
3. Bí 0420 náà bá sọnù lójú ọ̀nà, ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ ṣàlàyé fún ẹnì kan nílé tí ń lo POS.