‘Ti ọkọ̀’ àti ‘fi òkúta ti ọkọ̀’

Bí ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Adéníjì Adélé, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bá ké sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, ‘Ti ọkọ̀ yẹn!’, kí ni kí ọmọ náà ṣe? Ṣé kó taari rẹ̀ síwájú ni, àbí kó wá òkúta tí yóò há mọ́ táyà kó má baà yí? Yorùbá tó gbọ́ yékéyéké ni gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn. Bí ọmọ bá mú èkíní nígbà tí ọ̀gá ní èkejì lọ́kàn, ọkọ̀ á yẹ̀ lórí jáàkì.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ‘tì’, olóhùn ìsàlẹ̀, ló fà á. À ń ti ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kú. À ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó rẹ̀ ń fẹ̀yìn ti ògiri, ọ̀rẹ́ gidi a sì dúró tì wá. Ọkọ̀ tí a tì, ó lọ. Ilẹ̀kùn tí a tì, ó dúró síbi tó wà. Àmì ohùn kò lè yọ wá, nítorí bákan náà ni ohùn rẹ̀ ṣe ń di ti àárín níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ nínú gbogbo wọn. Ohun tó ń la ọ̀rọ̀ náà ni ‘fi’: ‘Fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn.’ Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ fi tì í, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ fẹ́ kó wà. Bó bá jẹ́ iwájú lẹ fẹ́ gbé, táyà ẹ̀yìn méjèèjì lẹ máa fi nǹkan tì, níwájú àti lẹ́yìn, torí àwọn ló kù nílẹ̀.

‘Gbé’ náà ní tirẹ̀. Iṣẹ́ kan ni ‘gbé sókè’, iṣẹ́ mìíràn ni ‘gbé lé’. Jáàkì ló ń gbé ọkọ̀ sókè. Sítáǹdì onírin la ń gbé e lé. Gbogbo ayé ló ń sọ pé ọkọ̀ ‘wà lórí jáàkì’, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà sí i, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Nínú jáàkì elépo, epo ló ru gbogbo ẹrù náà; bí rọ́bà tó sé epo náà mọ́ bá ya, ọkọ̀ á wálẹ̀. Bulọ́ọ̀kù kọ́ ni sítáǹdì. Bulọ́ọ̀kù kì í tẹ̀ kó tó fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń tú ká. Yanrìn sì pọ̀ nílẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ jáàkì a máa rì, nítorí náà ‘tẹ́’ ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ kó jáde lẹ́nu ọ̀gá: tẹ́ pákó tó nípọn, gbé ọkọ̀ sókè, gbé e lé sítáǹdì, mì í wò. Ìgbà tó bá mì í tí kò yẹ̀ ló tó lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sì pàṣẹ pé kí ọmọ ‘tú’ nọ́ọ̀tì táyà kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀. ‘Dẹ’ ni kí ẹ wí, bíi ti ẹni tó dẹwọ́. Bí a bá ti gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì tán, kó wá tú u.

Gbogbo ohun tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀, ‘ẹsẹ̀’ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù: ‘Ẹsẹ̀ iwájú ń dún.’ Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pàápàá bí mo bá rántí pé irin tí wọ́n ń pè ní lówà áàmù, ìyẹn apá ìsàlẹ̀, wà nínú ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ tó lápá! Ẹsẹ̀ yìí lè yí padà. Bí ẹnì kan bá fi sípíríǹgì kúkúrú sí i, ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, jáàkì lè má wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó gùn ló fi sí i, táyà á máa rọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè, jáàkì sì lè ní láti lọ sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Ibi tí à ń ki jáàkì bọ̀ lára ọkọ̀ kò tìtorí ìyẹn yí padà: ibi tí ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ náà fi hàn ni. Ẹ má gbé e níbi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ìyẹn oríkèé ẹsẹ̀ náà.

Irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ àti àwọn pátì mìíràn tí kò bá ọkọ̀ wá ni àwọn kan ń fi gbogbo ẹnu pè ní ‘ayédèrú’, ọ̀rọ̀ náà kò sì tọ́. Ayédèrú ni ohun tó ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Pátì tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kì í ṣe ayédèrú, ìbáà dára, ìbáà má dára. Ní ọjà pátì ọkọ̀ Ládípò, ‘Bẹ́ljọ̀mù’ ni tiwọn fún èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òkè òkun, kódà bó jẹ́ Jámánì ló ti wá. ‘Pátì iléeṣẹ́ mìíràn’ ni èmi ń pe tuntun tí kì í ṣe ti ẹni tó ṣe ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, bí ẹ bá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹsẹ̀ iwájú kì í bá ṣe èyí tó bá a wá, ẹ sọ fún un kó tó ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀.