Ihò Tí A Bí Mọ́ Ọkàn: Iṣẹ́ Tí Kì Í La Àyà



A máa ń rí ìyá ọlọ́mọ tí kò lè gbé korobá omi dé ilé láì dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ihò ni a bí mọ́ ọkàn rẹ̀.

Iyàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Bí ihò bá wà lára ògiri tó pààlà sí àárín méjì tòkè, ẹ̀jẹ̀ apá òsì á máa ya sí apá ọ̀tún, iṣẹ́ á sì pọ̀ jù fún ẹ̀dọ̀fóró. Ènìyàn lè di ẹni ogójì ọdún kó tó mọ̀. Àmì rẹ̀ ni èémí tó ń tètè tán, àyà tó ń lù kìkì àti ẹsẹ̀ wíwú. Oyún a máa mú un hàn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń fa irú èyí, nítorí náà ẹ má dá a pè. Ẹ lọ sí Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Agbówà. Bí ó bá yẹ, wọn á júwe ibi tí a ti ń ya àwòrán ọkàn.

Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní Ẹnúgù. Ní 1976, King àti Mills ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe dí ihò náà láì la àyà. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan tì dé ọkàn. Ìdérí bí abọ́ méjì tó so pọ̀ á ṣí níbẹ̀, á há ògiri náà sáàárín. Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹran ara á bò ó. Kì í ṣe gbogbo ihò ló gba èyí: òmíràn ń fẹ́ abẹ, òmíràn kéré tí kò fẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá pẹ́ jù tí ẹ̀dọ̀fóró ti bàjẹ́, dídí i lè di ewu.

Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ lo oògùn bí dókítà ṣe wí. Ẹ máa fi pákò fọ ẹnu dáadáa, nítorí kòkòrò ẹnu lè bá ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn. Kí ẹ tó yọ eyín, ẹ sọ fún dókítà. Ojú ọgbẹ́ itan kò sí níbi tí àlùwàlá ń kàn, kò dí ìrun lọ́wọ́. Aláìsàn tí ààwẹ̀ bá ni lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda kó san án padà.

Ànábì wa (ṣ.a.w.) ní kí á máa wá ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí á dẹ́kun pípe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Ààmíìn.