Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Kékeré àti Ti Sáfà Ńlá: Èwo Ni Ó Yẹ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun kan ni ó fà á tí a fi kọ ọ́.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, bàbá kan nínú àwọn òbí wa ní agbègbè Ajah, tí ọmọ rẹ̀ ń múra ìdánwò JAMB, kó owó tí ó ti ń tọ́jú fún oṣù mẹ́jọ, ó sì fi lọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé sáfà ni, pé òkè òkun ni wọ́n ti lò ó, pé bàbá gbogbo kọ̀ǹpútà ni. Iye tí bàbá náà san tó owó kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tàn án nílé, fáànù inú rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè sùn. Nígbà tí NẸ́PÀ mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó wà nínú ilé kò lè gbé e. Èyí tí ó dun bàbá náà jù lọ ni pé nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lórí rẹ̀, kò yá ju kọ̀ǹpútà kékeré tí ó wà ní kíláàsì wa lọ. Bàbá gbé e padà lọ sí ọjà, òǹtajà kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe ń tọrọ kọ̀ǹpútà lò lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ìdánwò fi pé.

Kò pẹ́ sí àkókò yìí ni ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó láti ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kan ní kí a ra sáfà ńlá kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ní kí a ra kéékèèké tí yóò pọ̀. Wọ́n wá ní kí àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ṣe àlàyé kí owó tó jáde. Àlàyé náà nìyí.

1. KÍ NI ỌPỌLỌ KỌ̀ǸPÚTÀ?

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ohun pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ń ṣe ìṣirò, tí ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní purosẹ́sọ̀, òun ni àwa ń pè ní ọpọlọ. Láyé àtijọ́, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Lóde òní, òṣìṣẹ́ méjì, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń kó sínú ẹyọ kan. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní core. Bí core kan ṣe ń yára sí ni wọ́n ń fi GHz wọ̀n. Bí a bá sọ pé 3.5 GHz, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aago inú rẹ̀ ń lù ní ìgbà bílíọ̀nù 3.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

2. ÀWỌN MÉJÌ TÍ A FI WÉRA

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, a mú méjì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe, tí wọ́n sì jáde ní ọdún kan náà. AMD ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe wọ́n, ní ọdún 2019. Athlon 3000G ni ti tábìlì. EPYC 7742 ni ti sáfà.

Owó nígbà tí wọ́n jáde: Athlon, dọ́là 49, EPYC, dọ́là 6,950.
Iye core: Athlon, 2, EPYC, 64.
Ìyára: Athlon, 3.5 GHz, EPYC, 2.25 GHz nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó sì lè ga dé 3.4 GHz bí iṣẹ́ bá fúyẹ́.
Iná tí a ṣètò rẹ̀ fún: Athlon, wáàtì 35, EPYC, wáàtì 225.
Ọ̀nà tí ó gbà ń bá RAM sọ̀rọ̀: Athlon, 2, EPYC, 8.

Ẹ wò ó dáadáa. Owó ti sáfà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 142 owó ti tábìlì. Ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì, bíi kí ọmọ tẹ lẹ́tà tàbí kí ó dáhùn ìbéèrè ìdánrawò, ti olówó iyebíye kò yá tó ìlọ́po méjì ti olówó pọ́ọ́kú. Níbo wá ni owó náà lọ?

Iye òṣìṣẹ́ ni ó gbé owó náà lọ. Inú EPYC 7742, ẹyọ kéékèèké mẹ́jọ ni wọ́n tò yí ẹyọ ńlá kan ká. Core mẹ́jọ ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kéékèèké náà, mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ sì jẹ́ 64. Ẹyọ ńlá àárín ni ó ń gba ọ̀rọ̀ láti ìta, tí ó sì ń pín in fún wọn. A tún lè fi EPYC méjì bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan, kí wọ́n di core 128. Athlon kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀.

3. ÀPẸẸRẸ ÀWỌN ÀFÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ohun tí gbogbo wa mọ̀. Bí wọ́n bá pe àwọn àfáà síbi tí wọ́n fẹ́ ka Àlùkùránì parí, apá 30 ni a ó pín sí ọwọ́ wọn. Kí a sọ pé àfáà méjì péré ni ó wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka apá kan láàárín ìṣẹ́jú 30. Apá 15 ni yóò kan ẹnìkọ̀ọ̀kan, wákàtí méje àbọ̀ ni wọn yóò sì fi jókòó. Bí àfáà 64 bá wá ńkọ́? Kódà bí ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn bá mú kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lò tó ìṣẹ́jú 40, láàárín ìṣẹ́jú 40 náà ni gbogbo rẹ̀ yóò parí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, apá 30 ni ó wà, nítorí náà àfáà 34 yóò jókòó láìrí nǹkan kà, bẹ́ẹ̀ a sì ti san owó ọkọ̀ wọn. Èkejì, bí ó bá jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni a fẹ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní títò-lẹ́sẹẹsẹ, àfáà kan náà ni yóò kà á. Àwọn 63 yòókù kò lè mú un yá.

Bí ọ̀rọ̀ sáfà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Iṣẹ́ tí ó ṣeé pín ni ó wà fún. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù ní ìṣẹ́jú kan náà, iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ni, ó ṣeé pín fún core 64. Àmọ́ iṣẹ́ ọmọ kan tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan kì í sábà ṣeé pín tó bẹ́ẹ̀. Core méjì tàbí mẹ́rin ni yóò ṣiṣẹ́, ìyókù yóò máa wòran.

4. ÀMÌ KAN ṢOṢO

Ohun mìíràn wà tí sáfà fi yàtọ̀, tí ó sì tọ́ kí a yìn ín fún. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú mọ̀ pé bí àmì róbótó kan bá bọ́ sórí «ر» ó ti di «ز» nìyẹn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì ti yí padà. Òdo àti ení ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohun gbogbo, bíi 0 àti 1. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 0 kan lè ṣèèṣì di 1 nínú RAM. Lórí kọ̀ǹpútà ọmọ, ó lè má ju pé àwòrán kan bàjẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà ilé ìfowópamọ́, owó ẹnìkan lè di owó ẹlòmíràn. Nítorí èyí ni sáfà ṣe ń lo RAM tí ó ní àmì àyẹ̀wò lára, tí ń mọ ibi tí àṣìṣe kan bá wà tí ó sì ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, bí ùsítáàsì ṣe ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ tí ó ṣi wàláà rẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tábìlì kò ní irú RAM yìí.

5. Ọ̀RỌ̀ INÁ

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti ọpọlọ nìkan, láìka fáànù àti àwọn ẹ̀yà yòókù. Kí a sọ pé ọmọ ń lo kọ̀ǹpútà fún wákàtí 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30, tí ọpọlọ náà sì ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n rẹ̀. Wákàtí 150 nìyẹn. Wáàtì 35 yóò jẹ yúnítì iná 5.25. Wáàtì 225 yóò jẹ yúnítì 33.75. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ìjọba fi owó kún iná àwọn tí wọ́n wà ní ìsọ̀rí A, ₦225 ni yúnítì kan. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, ti tábìlì jẹ́ ₦1,181.25, ti sáfà sì jẹ́ ₦7,593.75.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ sáfà. Bí a bá pín wáàtì 225 fún core 64, wáàtì 3.5 ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín 35 fún 2, wáàtì 17.5 ni. Èyí fi hàn pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ tó, sáfà ni kì í fi iná ṣòfò. Dà bí ọkọ̀ ńlá tí ó gbé èrò kún láti Ajah lọ sí CMS: epo tí ó kan èrò kọ̀ọ̀kan kéré sí ti korope. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọkọ̀ ńlá gbé ọmọ kan ṣoṣo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láràárọ̀?

6. IBI TÍ SÁFÀ TI WÚLÒ, NÍTÒSÍ WA

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni àwọn sáfà ńlá wà. Ní ọdún 2010, okùn abẹ́ òkun MainOne, ti ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke dá sílẹ̀, dé Èkó láti ilẹ̀ Pọtogí, ìrìn bíi kìlómítà 7,000. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà ṣí ilé ìkó-dátà sí Lekki. Ní ọdún 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní mílíọ̀nù dọ́là 320. Ọdún yẹn kan náà ni okùn Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí etíkun Lekki. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, iná kì í kú, jẹnẹrétọ̀ ńlá wà ní ìmúrasílẹ̀, ariwo fáànù kò sì dí ẹnikẹ́ni lójú oorun. Ibẹ̀ ni ilé sáfà. Àwọn oníbàárà púpọ̀ ni wọ́n ń pín in lò, tí kálukú ń san iye tí ó lò.

Ọmọ tí ń múra JAMB pàápàá kò lè ṣe aláìbá sáfà pàdé. Láti ọdún 2015 tí JAMB ti fi bébà sílẹ̀ pátápátá, kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ fi ń ṣe ìdánwò náà. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ̀ǹpútà kékeré ni ó wà níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, sáfà ni ó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ tí ó sì ń gba ìdáhùn pa mọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí èyí tí ó lè rọ́pò èkejì.

7. ÌMỌ̀RÀN WA

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí a sọ fún ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tábìlì kéékèèké fún àwọn ọmọ, bí owó bá ṣe mọ, kí ẹyọ kan tí ó ní core mẹ́rin sí mẹ́jọ sì máa ṣe sáfà fún kíláàsì. Fífi ìbéèrè ránṣẹ́ àti gbígba ìdáhùn àwọn ọmọ 30 kì í ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo. Bí ìmọ̀ bá gbòòrò lọ́la, tí ọmọ wa kan sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sáfà ńlá, ó lè háyà rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bàbá tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tí yóò lọ sí ọjà. Ó ní owó òun ti lọ, kí ti ẹlòmíràn má tún lọ. Òun ni ó ní kí a tẹ ìbéèrè mẹ́rin yìí, kí òbí kọ̀ọ̀kan bi òǹtajà kí ó tó sanwó:

Kí ni orúkọ àti nọ́ńbà ọpọlọ inú rẹ̀?
Core mélòó ni ó ní, GHz mélòó sì ni?
Wáàtì mélòó ni gbogbo kọ̀ǹpútà náà ń jẹ, ṣé jẹnẹrétọ̀ ilé wa lè gbé e?
Ṣé a lè tàn án, kí ọmọ lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú wa?

Òǹtajà tí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i pé ó dìgbà kan ná, kí ẹ sì máa lọ.

ÌDÁNRAWÒ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

(a) Àfáà mẹ́wàá ni ó wá ka apá 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka apá kan ní ìṣẹ́jú 30. Wákàtí mélòó ni wọn yóò lò?
(b) Dárúkọ iṣẹ́ méjì tí ó ṣeé pín fún ọ̀pọ̀ core, àti méjì tí kò ṣeé pín.
(d) Bí yúnítì iná bá jẹ́ ₦200, èló ni iná ọpọlọ oníwáàtì 65 tí a lò fún wákàtí 100?
(e) Kí ni ìdí tí RAM sáfà fi ní àmì àyẹ̀wò lára? Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé fún òbí rẹ nílé.